Fọ́máàtì Kọ́ Ni Oògùn Gbogbo Àrùn Kọ̀ǹpútà

Láti Òjòó títí dé Àgbówó ní Ìbàdàn, gbólóhùn kan ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń tẹnu mọ́: "Windows ẹ̀ ti bàjẹ́, àfi ká fọ́máàtì ẹ̀." Láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, tí àwọn èèyàn ń wá Windows 11 kiri, ewu inú gbólóhùn yìí, tó lè nu fáìlì èèyàn rẹ́, tún pọ̀ sí i. Pé kọ̀ǹpútà kò gbé Windows wá kò sọ pé fáìlì inú rẹ̀ ti run.

Bí wọ́n bá ń gbé Windows sínú kọ̀ǹpútà òde òní, ó máa ń gé ìpín kékeré kan sọ́tọ̀ lára dísìkì, 100 MB péré lọ́pọ̀ ìgbà. EFI ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ sì ni àwọn fáìlì tó ń jí kọ̀ǹpútà wà. Fọ́tò, ìwé ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, inú ìpín ńlá tó ń jẹ́ C ni wọ́n sábà máa ń wà. EFI lè dàrú kí C má fara pa rárá. Àṣẹ kan, bcdboot, láti orí fúláàṣì Windows, lè kọ àwọn fáìlì ìjí náà padà. Ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù tó tìtorí ẹ̀ wó ilé?

Ti SSD, dísìkì ayára tí wọ́n fi ń rọ́pò ti àtijọ́, tún burú jù. Wọ́n á so SSD tuntun mọ́ kọ̀ǹpútà láìyọ dísìkì àtijọ́. Windows á bọ́ sórí SSD, ṣùgbọ́n ó lè kó fáìlì ìjí sínú EFI tó ti wà lórí dísìkì àtijọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ ìyẹn, kọ̀ǹpútà ò ní jí mọ́, wọ́n á sì ní SSD ni kò dáa. Irọ́ ni. Dísìkì àtijọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yọ.

Wọ́n ní fọ́máàtì yá. Ó yá fún ta ni? Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ni: ẹ kó fáìlì jáde, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní dísìkì ló ń kú: fọ́máàtì kì í wo dísìkì tó ń kú sàn.

Àwọn oníná náà jẹ̀bi o. Wọ́n ń gbowó oṣù, wọ́n sì ń mú iná lọ lójijì nígbà tí Windows ń kọ fáìlì lọ́wọ́. Ta ló ń san owó iṣẹ́ tó bàjẹ́ báyẹn fún ará ìlú?

Síbẹ̀, iná kọ́ ló ń tẹ Delete lórí gbogbo ìpín, títí kan ìpín D tí oníbàárà rọra fi ìwé rẹ̀ pamọ́ sí. Ọwọ́ èèyàn ni. Kí ọwọ́ náà dúró títí oníkọ̀ǹpútà yóò fi fojú ara rẹ̀ rí fáìlì rẹ̀ lórí dísìkì mìíràn.