Ṣé Ẹ Fẹ́ Tà Á Ni, Àbí Ẹ Fẹ́ Jẹ Ẹ́?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kò ju ìbéèrè kan lọ, ìbéèrè tí àwọn ìyá wa ti ń bi oníbàárà tipẹ́tipẹ́. Bí ẹnìkan bá dúró nídìí epo pupa, tó ní èló ni kẹ́ẹ̀gì kan, ìyá ọlọ́jà kì í dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ wò ó lójú, á ní: "Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni, àbí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́?" Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, iye tirẹ̀ wà. Alárọ́bọ̀ tó fẹ́ kó mẹ́wàá lọ tà, iye tirẹ̀ yàtọ̀. Kò sí ẹni tó ń bínú sí i, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé alárọ́bọ̀ gbọ́dọ̀ rí nǹkan jẹ lórí ọjà.

Ìbéèrè yìí gan-an ló dé bá wa báyìí. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀pọ̀ nínú yín fọwọ́ sí i pé kí ẹgbẹ́ ṣí ilé ìtajà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ará Adó, Ìbàdàn àti Èkó lè máa ra epo, gaàrì, èlùbọ́ àti obì wa láti ibi tí wọ́n wà. Àwa náà fara mọ́ ọn. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ bá wa ṣe é ti ń dárúkọ irinṣẹ́ lóríṣiríṣi: èyí ń pe WhatsApp, tọ̀hún ń pe WooCommerce, ẹlòmíràn ní Shopify ni. Èrò tiwa ni pé a kò tíì dé orí irinṣẹ́. Fóònù kò lè wo oníbàárà lójú. Bí a kò bá kọ́kọ́ pinnu ẹni tí yóò rí iye alárọ́bọ̀, irinṣẹ́ tó dára jù lọ yóò kàn ba ọjà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Kì í ṣe iye ọjà tòní o. Ká ní ẹgbẹ́ ń ta kẹ́ẹ̀gì epo kan ní ₦40,000, tó sì ń gba ₦37,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó bá ra mẹ́wàá. Ìyá kan nínú wa ra mẹ́wàá ní ₦370,000, ó san ₦8,000 fún ọkọ̀. Bó bá ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦40,000, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦22,000. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ₦37,000 yẹn síta gbangba, oníbàárà á na fóònù sí ìyá yìí, á ní, "Ìyá, ẹ wo iye tí ẹgbẹ́ yín ń tà á." Bí wọ́n bá ná an títí tó fi gbà ní ₦37,500, ₦375,000 ni yóò pa lórí ọjà tó kó ₦378,000 lé. Ó jókòó nínú oòrùn, ó tún fi ₦3,000 ṣòfò. Ẹgbẹ́ tó yẹ kó gbè é ló pa á lára yẹn.

Àwọn kan ní, ó dáa, kí a má kọ iye kankan síta, kí ẹni tó bá fẹ́ rà wá bá wa sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. A kò fara mọ́ èyí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà ní kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn. Ká tilẹ̀ fi ti òfin sílẹ̀, ará Èkó tó ń wá gaàrì lóru kò ní dúró de èsì wa. Á kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kọ iye sára ọjà.

Ohun tí a rò pé ó tọ́ nìyí: iye ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, kí gbogbo ayé rí i. Iye alárọ́bọ̀, kí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹni tí a mọ̀ nìkan ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí a mọ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́ tó ń tajà, tàbí oníṣòwò mìíràn tó fi orúkọ àti àdírẹ́sì ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tí ènìyàn méjì nínú ìgbìmọ̀ sì fọwọ́ sí i. A ní méjì, nítorí àwa akọ̀wé pàápàá ní ẹbí àti ọ̀rẹ́. Kò yẹ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa nìkan. Àwọn ìyá wa tí kò ní fóònù ńlá ńkọ́? Kí wọ́n mú káàdì ẹgbẹ́ wá sí ọ́fíìsì, kí wọ́n gba iye kan náà. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ẹni tó mọ fóònù tẹ̀ nìkan ni yóò máa jẹ àǹfààní ẹgbẹ́.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń rà fún jíjẹ nílé ńkọ́? Àwọn ènìyàn 28 tó dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1844, ti dáhùn èyí. Iye tí ọjà ń lọ nígboro ni wọ́n ń tà á fún ọmọ ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá ṣírò tán, wọ́n á pín èrè gẹ́gẹ́ bí oníkálukú ti rà tó. Kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Alárọ́bọ̀ ni kò lè dúró di òpin ọdún, nítorí owó tó fi ń yípo ni.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ẹni tó fẹ́ ra igba kẹ́ẹ̀gì tàbí ọgọ́rùn-ún àpò, tó ní kí a dá iye fún òun. Ibẹ̀ ni ọwọ́ wa ti jóná rí. Ní àárín oṣù Karùn-ún 2023, oníbàárà kan pè wá, ó béèrè iye gaàrì pẹ̀lú owó ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A dá iye fún un lẹ́nu. A kò kọ ọ́, a kò sì dá ọjọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ọkọ̀ ti dópin. Epo tí kò tó ₦200 ní ilé epo NNPC fò kọjá ₦480 láàrin ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ gbéra. Nígbà tí oníbàárà wa dé ní oṣù Kẹfà, ó ní iye tí a dá lẹ́nu lòun máa san. Òun kò purọ́, àwa náà kò purọ́. A kó ọjà fún un kí orúkọ wa má baà bàjẹ́, ẹgbẹ́ sì fi owó ara rẹ̀ dí i.

Nítorí náà, ìwé ìdíyelé wa gbọ́dọ̀ sọ irú ọjà àti òṣùwọ̀n rẹ̀, owó ọjà, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó ni àdánù bí ọjà bá bàjẹ́ lọ́nà, àti ọjọ́ tí iye náà yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ méje tó. Bó bá kọjá, kí a tún un dá.

Wàyí o, irinṣẹ́. WhatsApp Business kì í gba owó láti pàtẹ ọjà, ọ̀pọ̀ yín sì mọ WhatsApp lò. Àmọ́ iye kan ṣoṣo ni àtẹ rẹ̀ ń fi han gbogbo ènìyàn. WooCommerce, tó jáde ní 2011, jẹ́ ọ̀fẹ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n a ó máa sanwó àyè àti orúkọ ilé ìtajà wa. Àfikún ni a ó so mọ́ ọn kí ó tó ní ilẹ̀kùn alárọ́bọ̀ àti ìwé ìdíyelé, ọ̀pọ̀ nínú àfikún wọ̀nyí sì ń gba owó lọ́dọọdún, ní dọ́là. Shopify ní tirẹ̀ dà bíi ṣọ́ọ̀bù tí a háyà: bí a kò bá san owó, wọ́n á tì í.

Èrò wa ni pé kí a fi WhatsApp bẹ̀rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, iye ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ nìkan lórí rẹ̀, kí a máa kọ ìdíyelé sínú ìwé aláwẹ́ méjì ní ọ́fíìsì. Bí àwọn alárọ́bọ̀ tó ń wá bá pọ̀ tó, kí a wá kọ́ ti WooCommerce. Ẹni tó bá sì ní òun ti ṣe ilẹ̀kùn fún wa, kí a fi fóònù àlejò dán an wò, kí a tún wá ọjà wa lórí Google. Bí iye alárọ́bọ̀ bá yọjú níbì kan, ilẹ̀kùn kò tíì tì.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, a ó bi yín ní nǹkan mẹ́ta: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ sí iye alárọ́bọ̀, mélòó ni yóò rà kí ó tó rí i gbà, ọjọ́ mélòó ni ìdíyelé wa yóò fi dúró? Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ fóònù ni, ti àwọn ọmọdé. Ọ̀rọ̀ àtẹ yín ni. Ẹ wá o. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́