Ọjọ́ Kì Í Dúró De Ará Àjò

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Wọn kò ní kí a má gbádùn ayé lájò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò ní Kánò àti Jọ́ọ̀sì ti sún ìsinmi di ọjọ́ àtirelé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti dé ìsọ̀. Kí wọ́n tó wọlé, ọmọ ti sùn. Nígbà tí ìkókó tí wọ́n pọ̀n wá sókè Ọya bá ń relé ọkọ, wọn a ní ọdún ń sáré.

Lóòótọ́, owó ilé ìwé kò gba ìmẹ́lẹ́. Síbẹ̀, kí bàbá máa tètè ti ìsọ̀ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ó bá ọmọ jẹun, kí ó sì pàlọ́. Ọjà tí kò tà lónìí lè tà lọ́la. Ọmọ tó dàgbà kì í padà di ìkókó.