Gbígbà àti Gbígbàsílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ogun Tí Wọ́n Ń Pè Ní Àánú

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè Yorùbá tí mo máa ń fi àkókò púpọ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà ni "gbà". Bí jagunjagun bá gba ìlú, ìlú ti di tirẹ̀ nìyẹn, oko rẹ̀, ọjà rẹ̀ àti orí ọba rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba ìlú sílẹ̀, a ó ní ó yọ ìlú nínú ewu, àwọn ará ìlú yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó wà láàárín ìkà àti oore níhìn-ín kò ju "sílẹ̀" kan ṣoṣo lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ogun tí àwọn ìjọba alágbára ń lọ jà ní ilẹ̀ onílẹ̀ lórúkọ àánú, gbígbà ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. "Sílẹ̀" tí wọ́n so mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Àwọn olóṣèlú tí wọ́n ń pe ara wọn ní líbẹ́rà, àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kì í wọ́n lẹ́nu wọn, ni wọ́n sì mọ bí a ti ń so ó mọ́ ọn jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Líbíà, nítorí pé ọwọ́ tiwa náà wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2011, Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ìpinnu 1973. Ìpinnu náà fún àwọn orílẹ̀-èdè láyè láti lo gbogbo ọ̀nà tí ó bá yẹ kí wọ́n lè dáàbò bo àwọn aráàlú Líbíà lọ́wọ́ ọmọ ogun Muammar Gaddafi, pàápàá jù lọ àwọn ará Benghazi. Orílẹ̀-èdè 10 fọwọ́ sí i. Ṣáínà, Rọ́ṣíà, Íńdíà, Jámánì àti Bùràsílì ta kété. Nàìjíríà kò ta kété. Àwa, Gúúsù Áfíríkà àti Gabon wà lára àwọn 10 tí wọ́n nawọ́ sókè. Oṣù kan péré ló kù kí a dìbò yan Ààrẹ nílé nígbà náà. Ìwé àlẹ̀mógiri àwọn olùdíje kún gbogbo ògiri, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bi aráàlú léèrè bóyá kí a fi orúkọ wa sí abẹ́ ogun yìí.

Ní ọjọ́ 19 oṣù náà ni bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. NATO gba àkóso rẹ̀ ní ọjọ́ 31, kò sì dáwọ́ dúró títí di òpin oṣù Kẹwàá. Benghazi tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dáàbò bò kò sí nínú ewu mọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí wá ni ọkọ̀ òfurufú ológun ń wá kiri fún oṣù méje? Ìjọba ni wọ́n ń wá bí wọn yóò ti gbà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá wọ́n pa Gaddafi ní ẹ̀bá Sirte, iṣẹ́ ààbò sì parí ní ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà. Àjọ Human Rights Watch tọpa ìkọlù 8 tí NATO ṣe, ó ka aráàlú 72 tí ó kú nínú wọn. Ìyẹn kéré sí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ìlú kan wà tí à ń pè ní Tawergha, ìlú àwọn ará Líbíà aláwọ̀ dúdú. Àwọn ọmọ ogun Misrata tí wọ́n jà lábẹ́ ìbòòji ọkọ̀ òfurufú NATO wọ inú rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2011, wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ gbè sẹ́yìn Gaddafi. Nǹkan bí 40,000 ènìyàn sá kúrò níbẹ̀, ìlú náà sì di ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ni ó fi ọkọ̀ òfurufú ránṣẹ́ láti dáàbò bo àwọn wọ̀nyí?

Ẹnìkan yóò ní, "Olùkọ́, ṣé Gaddafi lẹ wá ń gbè lẹ́yìn?" Rárá o. Apàṣẹwàá ni, ọdún 42 ló fi jókòó sórí àwọn ènìyàn rẹ̀, bí ó sì ti ń halẹ̀ mọ́ Benghazi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà yan ààrẹ márùn-ún láti lọ bá tọ̀tún-tòsì sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ló yẹ kí wọ́n balẹ̀ sí Tripoli, ìyẹn ọjọ́ kejì tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀. Wọn kò fún wọn láyè. Nígbà tí wọ́n padà dé ibẹ̀ ní oṣù Kẹrin, Gaddafi gba àbá wọn, Benghazi kọ̀ ọ́. Èwo ni wọ́n fẹ́ gbà níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ti rí ọmọ ogun òfurufú tí ó lágbára jù láyé tí ó ń jà fún wọn? Bẹ́ẹ̀ ni ogun àánú ṣe máa ń ṣe: ó máa ń sọ ìlàjà di ìwà òmùgọ̀.

Àwa tí à ń kọ́ni ní ìtàn àti lítíréṣọ̀ Yorùbá kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí, nítorí ní etí òkun wa níhìn-ín ni wọ́n ti dán an wò. Ní ọjọ́ 26 sí 28 oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn fẹ́ pa òwò ẹrú rẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bí àwọn kan nínú wa ṣe ń sọ ọ́, torí ìgbàsílẹ̀ gidi wà. Wọ́n kó Àjàyí, ẹni tí a wá mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther, lẹ́rú ní Òṣogùn ní nǹkan bí 1821. Èkó ni wọ́n ti tà á sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù Kẹrin 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ọmọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ yẹn ló wá ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, gbogbo wa tí à ń fi èdè yìí kọ̀wé ló sì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ní 1851 kan náà, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó rí Palmerston tí ó jẹ́ mínísítà ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀ Èkó. N kò lè bú u. Ta ni a tà bí ẹran ní ìlú kan tí kò ní fẹ́ kí ọjà ẹrú ìlú náà wó?

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Òwò ẹrú kò dáwọ́ dúró ní Èkó nígbà tí Akítóyè fúnra rẹ̀ wà lórí oyè ṣáájú 1845. Ìwé àdéhùn tí ó fọwọ́ sí ní ọjọ́ 1 oṣù Kíní 1852 fi òfin de kíkó ẹrú lọ sókè òkun, ó tún ṣílẹ̀kùn òwò fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní kí wọ́n dáàbò bo àwọn míṣọ́nnárì. Epo pupa ni wọ́n ń wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní láti ọdún 1961, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ òwò wúwo nínú rẹ̀ ju bí àwọn tí ó ń yin Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ lọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú ọmọ Akítóyè, ọmọ ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀, fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun tí à ń pè ní Prometheus ti wà lójú omi kí ó tó fọwọ́ sí i. Ẹ sì ka ìwé náà: kí wọ́n lè dáàbò bo àwọn ará Èkó dáadáa ni wọ́n ní àwọn ṣe gba ìlú. Kò pé ọdún 10 tí gbígbàsílẹ̀ fi di gbígbà. Lọ́dọ̀ àwọn Ìjẹ̀bú ní 1892, wọn kò tilẹ̀ fi àánú ṣòfò púpọ̀. Ọ̀nà òwò ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣí, wọ́n sì fi ìbọn Maxim ṣí i ní Ìmàgbọn.

Mo ní ohun kan sọ nípa èdè, nítorí iṣẹ́ mi ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà tí ó fi lè sọ pé ènìyàn kú sọ́wọ́ ológun láìdárúkọ ẹni tí ó pa á, gbólóhùn náà yóò sì pé pérépéré. Yorùbá kò ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. A gbọ́dọ̀ ní "wọ́n pa á", kíá ni ọmọdé yóò sì bi ọ́ pé ta ni "wọ́n". Ṣùgbọ́n àwọn akéde wa lórí rédíò ti rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n ní "ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ṣòfò", bí ẹni pé ẹ̀mí jẹ́ omi tí ó yí dànù fúnra rẹ̀. Bí Boko Haram bá pa ènìyàn, wọn yóò dárúkọ wọn. Bí bọ́ǹbù ìjọba tiwa tàbí ti NATO bá pa ènìyàn, ẹ̀mí ló ṣòfò. Mo rọ àwọn akẹ́gbẹ́ mi tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àròkọ oníròyìn pé kí wọ́n fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rí i.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn líbẹ́rà. Ohun tí wọ́n fi ń gbéra ga ni pé ìjọba tiwa-n-tiwa a máa jiyàn kí ó tó jagun. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 2011, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kékeré ní Lọ́ńdọ̀nù jiyàn lórí Líbíà. Àwọn 557 fọwọ́ sí i, àwọn 13 kọ̀. Iyàn wo ni ìyẹn? Ẹgbẹ́ tí ó wà lórí àlééfà àti ẹgbẹ́ alátakò tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí owó ilé-ìwé àti owó ilé ìwòsàn di ọ̀rẹ́ lórí bọ́ǹbù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹwàá 2002 nígbà tí Hillary Clinton, John Kerry àti Joe Biden fọwọ́ sí i pé kí George Bush lè gbógun ti Ìráàkì. Àwọn ènìyàn tú sígboro ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá láyé ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 2003 láti sọ pé àwọn kò fẹ́ ogun náà. Tony Blair, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kò dá wọn lóhùn. Ẹni tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù lù kò sì ní káàdì ìdìbò nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Lẹ́yìn náà ni ìjẹ́wọ́ máa ń dé. Ní oṣù Keje 2016 wọ́n gbé ìwádìí Chilcot jáde lórí Ìráàkì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì kan sọ pé wọ́n fẹ ewu tí ó dojú kọ àwọn ará Benghazi lójú ju bí ó ti rí lọ. Barack Obama, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2009, ti sọ ní oṣù Kẹrin 2016 pé àìmúra sílẹ̀ de ohun tí yóò tẹ̀ lé ogun Líbíà ni àṣìṣe òun tí ó burú jù. Ìwé náà nípọn, ẹkún náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n san nǹkan kan fún? Àwọn ohun ìjà Líbíà ti dé Mali ṣáájú 2012, wọ́n sì fi dá ogun sílẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2017, CNN fi han gbogbo ayé bí wọ́n ti ń lu ọmọ Áfíríkà ní gbàǹjo ní Líbíà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ti fi bàálù kó padà wálé láti ibẹ̀. Wọ́n ní torí ọjà ẹrú ni àwọn ṣe yin àgbá lu Èkó ní 1851. Ọjà ẹrú ni ogun àánú ti 2011 bí.

Bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, mo mọ̀ pé àwọn ará ilé wa ní apá òsì ń pàtẹ́wọ́. Ẹ ṣe sùúrù. Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Yukréènì ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 2022, gbígbàsílẹ̀ ni òun náà pè é: ó ní àwọn tí ń sọ èdè Rọ́ṣíà ní Donbas ni òun fẹ́ yọ. Nígbà tí ó di oṣù Kẹsàn-án, ó ti kéde pé agbègbè mẹ́rin di tirẹ̀. Gbà sílẹ̀, lẹ́yìn náà gbà. Kí ló dé tí àwọn tí wọ́n kígbe lórí Líbíà fi wá ń wá àwíjàre fún èyí? Ẹni tí ó bá kórìíra ìmúnisìn nígbà tí ó bá ti Washington wá nìkan, kò kórìíra ìmúnisìn. Washington ló kórìíra. Bákan náà ni àwọn tí ń jó yí ká ológun tó bá ti lé Faransé lọ, bí ẹni pé ẹni tí ó lé olè kò lè jẹ́ olè.

Ìyẹn mú mi dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, àwọn ológun gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Niger, wọ́n ti Ààrẹ Mohamed Bazoum mọ́lé. Ní ọjọ́ 30, àwọn olórí ECOWAS péjọ sí Abuja lábẹ́ Ààrẹ Tinubu, wọ́n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní bí wọn kò bá gba Bazoum padà, àwọn lè lo agbára ogun. Tiwa-n-tiwa ni wọ́n ní àwọn fẹ́ gbà sílẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ wa méje ló bá Niger pààlà, láti Kebbi títí dé Borno, Hausa àti Kanuri kan náà sì ni wọ́n wà lápá ìhín àti lápá ọ̀hún. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wa, tí n kì í sábà yìn, sọ pé kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn, mo sì yìn wọ́n lọ́jọ́ náà.

Bọ́ǹbù kò bọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ààlà pa, Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná tí Niger gbára lé jù. Ní Malanville, ní ààlà Benin, ọkọ̀ akẹ́rù tò lọ rẹrẹẹrẹ, ẹrù ń bà jẹ́ nínú wọn. Àwọn ológun tí ó wà ní ààfin Niamey kò sùn nínú òkùnkùn. Ẹ̀rọ amúnáwá wà fún wọn. Aláìsàn, alágbẹ̀dẹ àti ìyá olómi dídì ni òkùnkùn bá. Ní oṣù Kíní 2024, Mali, Burkina Faso àti Niger kéde pé àwọn kúrò nínú ECOWAS. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì, ECOWAS mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyà náà kúrò. Bazoum ṣì wà ní àhámọ́ lọ́jọ́ náà.