Ta ló darí The Nightmare Before Christmas? Kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ rò o

1/ Gbogbo December ni. Ẹnì kan á gbé fọ́tò Jack Skellington síta, á kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "iṣẹ́ Tim Burton, bàbá yìí ò láfiwé". Ẹ̀yin tèmi, lónìí mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

2/ Henry Selick ló darí fíìmù yẹn. 1993 ló jáde. Burton ló ni ìtàn, òun náà sì wà lára àwọn olóòtú. Mi ò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ nígbà táwọn kan ń ṣe wàhálà yẹn ní San Francisco, Batman Returns ni Burton ń darí ní tiẹ̀.

3/ Wàhálà wo? Ọmọláńgidi ni Jack, irin tó ṣeé tẹ̀ ló wà nínú ara ẹ̀. Èèyàn á sún apá ẹ̀ díẹ̀, á kúrò níwájú kámẹ́rà, á ya fọ́tò kan. Á padà wá, á tún sún un. Fọ́tò 24 ló ń di sẹ́kọ́ńdù kan. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ 1,440. Bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń rí ìṣẹ́jú kan yà. Ọdún mẹ́ta gbáko!

4/ Orí bí i 400 ni wọ́n ṣe fún Jack nìkan. Bó ṣe ń kọrin, wọ́n ń yọ orí kan, wọ́n ń fi òmíràn sí i. Ti Sally tún yàtọ̀. Irun ẹ̀ gùn, kó má bàa dàrú, ojú ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ẹnì kan ló jókòó tó ronú ìyẹn o. Ẹ̀yin wá ń pè é ní katúùn ọmọdé.

5/ Àwọn kan á ní "AI á ṣe é ní ìṣẹ́jú márùn-ún". Á ṣe èyí tó jọ ọ́. Àmọ́ tí Jack bá yí ọrùn, ẹnì kan ló pinnu ibi tí ọrùn yẹn máa dé, fọ́tò kan lẹ́yìn òmíràn. Ìpinnu yẹn gan-an ni mo ń wò.

6/ "Ṣebí orúkọ Burton ló wà níwájú àkọlé?" Bẹ́ẹ̀ ni, torí orúkọ ẹ̀ ń tajà. Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ó dáa, ṣé owó ló dúró nídìí ààrò? Selick tún darí Coraline ní 2009. Burton ò sí níbẹ̀ rárá, ẹ tún gbé e fún un!

7/ Ó ń dùn mí torí pé àwa tá à ń ṣe fídíò mọ bó ṣe ń rí. O ò sùn lóru méjì torí fídíò ìṣẹ́jú kan. Péèjì ńlá kan á gbé e, á gé orúkọ ẹ kúrò, gbogbo ayé á máa kí wọn. Inú ń bí wa, àbí? Kí ló dé táwa náà ń ṣe é fún ẹlòmíì?

8/ Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé Jack síta ní Kérésì yìí, ẹ kọ Henry Selick sábẹ́ ẹ̀. Tí fíìmù bá parí, ẹ má tíì pa á. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àwọn tó sún apá ọmọláńgidi yẹn kọjá lójú yín. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àwọn lo ọdún mẹ́ta.