Ìbọn Kọ́ ni Ọgbọ́n Ogun

Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń kọ ọ́ fún mi pé ìbọn ló gba Èkìtì là ní ogun Kírìjì. N kò gbà. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn náà wá irú rẹ̀ rà. Ohun tí ọ̀tá lè fowó rà, ṣé òun ni a ó máa pè ní ìjìnlẹ̀ ọgbọ́n?

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Ìbàdàn ti ṣẹ́gun àwọn ìlú wa, tí wọ́n sì fi ajẹ́lẹ̀ jẹ wọ́n lórí. Nígbà tí Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Òkèmẹ̀sí ní 1878, Ìjerò, Ọ̀tùn, Ìdó, Ìkọ̀lé àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Ìbàdàn rí i kedere, wọn kò sì rí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ààrẹ Látòósà kú sójú ogun ní 1885. Àdéhùn 1886 dá wa sílẹ̀.

Ọgbọ́n tí ọ̀tá mọ̀ tí kò sì rí nǹkan ṣe sí, òun ni ìjìnlẹ̀. Bí Àràmọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n bá wá ń tìtorí ààlà oko bínú síra wọn lónìí, ìbọn wo ni yóò gbà wá?