Ẹ má dúró dọjọ́ tí ilẹ̀kùn bá tì kẹ́ ẹ tó wá oníkọ́kọ́rọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, àwọn kan máa fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹni tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí ò ní í rẹ́rìn-ín rárá.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òde ìnáwó la lọ ní Ìkẹ́rẹ́, alẹ́ ti lẹ́ gan-an ká tó padà sí Adó. A dé ẹnu ọ̀nà, mo ki ọwọ́ bàpò, kò sí kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó mi tú báàgì ẹ̀ dà sílẹ̀, kò síbẹ̀. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì gba ojú wíńdò, àfi kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì! Ó ń wò wá, àwa náà ń wò ó.

Ọlọ́kadà kan ló bá wa gbé ọmọkùnrin kan wá. Ọmọ yẹn ò wo ihò kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òòlù àti irin ló kì bọ̀ ọ́. Kí n tó ṣẹ́jú, lọ́ọ̀kì ti fọ́, férémù ti ya. Iye tó gbà, mi ò ní í sọ ọ́ síbí, nítorí ìyàwó mi ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Èmi tún ṣoríire. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bàsírì, ẹni tó pè ò fọ́ nǹkan kan, ó tún gé kọ́kọ́rọ́ tuntun fún un. Kò pé oṣù kan, wọ́n kó tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀ lọ nílé ẹ̀. Ilẹ̀kùn ò já, wíńdò ò fọ́. Mi ò ní òun ni o! Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ò mọ orúkọ ọkùnrin náà, kò mọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ní í ráyè wọ ibẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni kẹ́ ẹ ti wá ẹni tẹ́ ẹ máa lò. Ẹ bi lánlọ́ọ̀dù, ẹ bi káfíńtà tó ṣe ilẹ̀kùn yín. Ẹni tó ní ojúkò, tó ti pẹ́ níbẹ̀, táwọn ará àdúgbò mọ ilé ẹ̀, ni kẹ́ ẹ mú. Bó bá bi yín pé ṣé ilé yín ni, ẹ má bínú. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ò mọ̀ rí láìbéèrè, ó máa ṣí tiyín fún ẹlòmíì. Ẹ sọ̀rọ̀ owó kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Bó bá sì ń gé kọ́kọ́rọ́, ẹ jókòó tì í. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́ ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan péré, àpá eyín ẹ̀ ti wà níbẹ̀, wọ́n lè fi gé òmíì.

Bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun, ẹ pààrọ̀ lọ́ọ̀kì. Ẹni tó kó jáde, ta ló mọ iye kọ́kọ́rọ́ tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀?

Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tẹ́ ẹ fọkàn tán nínú Adó níbí. Ẹ má fi í sábẹ́ ìnusẹ̀ o, olè mọ ibẹ̀ jù yín lọ. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń le, ẹ má fipá yí i, inú ibẹ̀ ló máa kán sí. Nígbà ọyẹ́, eruku ló ń kó sí i. Ẹ má da epo pupa sí i, epo á tún gbá eruku jọ. Ẹ ha lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù lúbúlúbú, kẹ́ ẹ fi sí i. Nígbà òjò, ilẹ̀kùn onípákó máa ń wú, káfíńtà lẹ máa pè síyẹn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé: kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn onírin tẹ́ ẹ ń tì lálẹ́, ẹ fi í síbi tí gbogbo ará ilé mọ̀, tọ́wọ́ máa tó nínú òkùnkùn. Bí iná bá sọ, irin tá a fi dènà olè lè di ẹ̀wọ̀n fún wa.

Òkèèrè lolójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.