Ilé Ike Omi Lára Alùpùpù

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá ní ọ̀rọ̀ ike omi ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ike omi kan báyìí ló kù díẹ̀ kó sọ èmi àti ọmọ mi sínú gọ́tà lójú ọ̀nà Mowe sí Ọ̀fadà.

Àárín itan ni mo há ike náà sí, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti í ṣe. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 6, jókòó lẹ́yìn mi, ó di ṣẹ́ẹ̀tì mi mú. Bí a ti bọ́ sínú kòtò kan, ike yọ̀, mo sì sọ ọwọ́ òsì sílẹ̀ láti hán an. Ká tó ṣẹ́jú, orí alùpùpù ti yí, ìyá aláta kan tó mọ̀ mí lọ́jà fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tòun ti agbọ̀n lórí, àwa náà sì bá ara wa nínú koríko. Ọlọ́run yọ wá, orúnkún mi nìkan ló bó. Ìyá náà kò bú mi. Ó wo ọmọ, ó wo ike tó ń yí lọ, ó ní, “Tíṣà, nítorí omi náírà mélòó nìyẹn?” N kò rí èsì fún un.

Síbẹ̀, a kò lè ní kí ẹni tó ń gun ọ̀kadà má gbé omi. (Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ tíṣà díẹ̀: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ni àwọn ènìyàn ti mú orúkọ yìí fún alùpùpù akérò.) Ẹni tó bá ti ìdájí ń gbé èrò láti Ìbàfo dé Mowe, nínú oòrùn àti eruku ẹ̀gbẹ́ títì Èkó sí Ìbàdàn, mọ bí ọ̀fun ti í gbẹ.

Nígbà tí orúnkún mi jinná, mo wá agolo tòmátì 400 gíráàmù tó ti ṣófo. Ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7, ike omi 50cl sì wọ inú rẹ̀ tòun ti àyè díẹ̀. Mo fi òòlù lu etí rẹ̀ tó mú wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tí agolo bá ti ya lọ́wọ́ rí kò ní fojú fo èyí. Mo fi ìṣó lu ihò 3 sí ìdí rẹ̀, kí omi òjò má baà dúró níbẹ̀ kó sì dípẹtà.

Kílíìpù méjì, irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń de ọ́ọ̀sì, ni mo fi so ó mọ́ irin ọwọ́ alùpùpù lápá òsì. Mo la ojú tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sí ara agolo fún kílíìpù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè irin ọwọ́, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ó lè gba ibẹ̀ yí irin náà ká. Lẹ́yìn náà ni mo gé túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́, tí mo gbà lọ́dọ̀ fọkanáísà, mo sì fi tẹ́ inú agolo. Túùbù yìí gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Agolo lásán yóò máa dún kanran-kanran, ike yóò sì ta jáde ní kòtò àkọ́kọ́; rọ́bà ni yóò gbá ike mú. Ẹ má jẹ́ kí epo kàn án, nítorí epo a máa ba rọ́bà jẹ́.

Mo rò pé ó parí. Mo yí ọwọ́ alùpùpù dé òpin lápá òsì, agolo bá tẹ wáyà kílọ́ọ̀ṣì! Ká ní mo gbé e jáde bẹ́ẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ìbá fà fúnra rẹ̀ ní kọ́nà. Mo tú u, mo sún un sápá dígí, mo tún yí i lọ yí i bọ̀ títí tí kò fi kan nǹkan kan, títí kan táǹkì. Ike 50cl kò ju ìdajì kílò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ike lítà 1.5, kí ó dè é sẹ́yìn, nítorí kílò kan àtààbọ̀ yóò máa fa orí alùpùpù sápá kan.

Mo tún fi ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ tí mo rẹ sómi bo apá ike tó yọ sókè. Bí afẹ́fẹ́ ti ń gbẹ omi ara aṣọ náà ló ń mú ooru lọ, bí àmù ṣe ń mú omi tutù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà kan rí i, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, èyí á gba páragà mi dáadáa.” Mo ní kò sí ọwọ́ mi nínú ìyẹn. Omi ni, èmi gan-an a sì máa dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí n tó mu ún. Mo ṣe ọ̀kan fún un lẹ́yìn tí mo gba ìlérí lẹ́nu rẹ̀. Bóyá ó ń mú un ṣẹ, n kò lè búra.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá mo pàdé ìyá aláta. Ó di agolo náà mú, ó mì ín, kò yẹ̀. Ó ní kí n ṣe ọ̀kan fún ọmọ òun tó ń gun ọ̀kadà ní Ìfọ̀. Mo ní kí ó ti máa fi agolo tòmátì pamọ́.